Squoosh: ohun tí mo fi ń dín fọ́tò kù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà

Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ máa ń fà mọ bó ṣe ń rí: fọ́tò kan ṣoṣo lèèyàn fẹ́ fi ránṣẹ́, á lọ dé ìdajì, á dúró, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí fọ́tò ṣe tóbi ló ń fa èyí. Kámẹ́rà fóònù tó jẹ́ mílíọ̀nù 12 pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) ń ya fọ́tò tó fẹ̀ ní nǹkan bí 4000 pixel, tó sì ga ní 3000. Fáìlì rẹ̀ lè tó 4 MB. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń gbé 256 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á lé ní ìṣẹ́jú méjì kó tó lọ tán, ìyẹn tí kò bá já rárá. Ẹ dín fáìlì yẹn kù sí 200 KB, bí ìṣẹ́jú àáyá 6 ló máa gbà.

Squoosh ni mo ń lò fún iṣẹ́ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ Chrome ní Google ló gbé e jáde ní 2018, ọ̀fẹ́ ni, inú browser ló sì ti ń ṣiṣẹ́, ní squoosh.app.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ni pé kì í gbé fọ́tò mi lọ síbì kankan. Ọ̀pọ̀ nínú irú ojúlé bẹ́ẹ̀ ló máa ní kéèyàn kọ́kọ́ fi odindi fáìlì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tiwọn kí wọ́n tó bá a dín in kù. Àǹfààní wo ló wá wà níbẹ̀? Ẹrù tí apá mi ò ká gan-an ni wọ́n ní kí n gbé wá kí wọ́n tó bá mi sọ ọ́ di fífúyẹ́. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mi ni Squoosh ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá ti ṣí dáadáa lẹ́ẹ̀kan, mo lè pa dátà kí n sì máa lò ó lọ.

Mo máa ń tan Resize, màá kọ 1600 sí Width (fífẹ̀), Height (gíga) á sì di 1200 fúnra rẹ̀. Pixel tó kù nígbà yẹn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tó wà níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó tó fún ẹni tó máa wò ó lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo máa kan Quality, níbi tí mo ti ń yan bí fọ́tò ṣe máa dáa tó; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni fáìlì máa ń kéré tó. Ìlà kan pín fọ́tò sí méjì lójú browser: èyí tí mo gbé wá wà ní apá kan, èyí tí mo dín kù wà ní apá kejì, ìwọ̀n fáìlì tuntun sì máa ń hàn bí mo ṣe ń yí i. Mo máa ń fa ìlà náà kọjá lójú èèyàn inú fọ́tò, màá sún un mọ́ra títí màá fi rí irun ìpéǹpéjú. Ní 75, mi ò sábà rí ìyàtọ̀. Tí mo bá lọ sílẹ̀ sí bí 30, ojú ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin, etí aṣọ á sì di bàìbàì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n dín fífẹ̀ kù ná, kí wọ́n tó fọwọ́ kan Quality.

Nínú irú fáìlì tó wà níbẹ̀, MozJPEG, tó ń ṣe fáìlì JPEG, ni mo ń yàn, torí kò sí fóònù tí kì í ṣí JPEG. AVIF, irú fáìlì fọ́tò mìíràn, máa ń kéré jù ú lọ, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lórí fóònù tí kò lágbára, fóònù àtijọ́ sì lè má ṣí i. Tó bá jẹ́ screenshot tó kún fún ọ̀rọ̀, irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní PNG ló dáa jù; JPEG máa ń da ìdọ̀tí sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà.

Ó ní àléébù o. Déètì tí a ya fọ́tò àti ibi tí a ti yà á kì í bá fáìlì tuntun lọ. Ti ibi yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, ti déètì ló ń dùn mí, torí náà mi ò kì í pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba fọ́tò. Ẹni tó bá ní fọ́tò ọgọ́rùn-ún láti dín kù, kó lo ImageMagick, ètò kan tí à ń tẹ àṣẹ fún lórí kọ̀ǹpútà. Àṣẹ náà nìyí: mogrify -resize 1600x1600 *.jpg. Ẹ ṣáà ṣe ẹ̀dà fọ́tò yín sí fódà mìíràn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí orí fáìlì àkọ́kọ́ gan-an ni mogrify máa ń kọ tuntun sí.