Sípíkà ni mo yí, n kò ra ańpílífáyà tuntun: Celestion Vintage 30

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn láìgbọ́ ara mi. Bí onílù bá ti kan aro báyìí, ó parí fún mi. Wáàtì 15 ni ańpílífáyà mi, oní fáàfù, ìyẹn túùbù onígíláàsì tó ń gbé ohùn sókè. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ orin fún wa ní kí n ra ti wáàtì 30, pé ariwo mi á di ìlọ́po méjì. Àìlówó lọ́wọ́ ló yọ mí, torí ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wáàtì bá di méjì, dẹ̀síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ló ń fi kún un, etí á kàn mọ̀ pé ó gbé díẹ̀ sí i ni. Kí etí tó gbà pé ariwo ti di méjì, wáàtì 15 á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 150.

Wọ́n máa ń kọ iye dẹ̀síbẹ̀lì tí sípíkà ń mú jáde bí wáàtì kan bá wọ inú rẹ̀, téèyàn sì wà ní mítà kan sí i. 97 ni wọ́n kọ fún èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀. Ti Vintage 30, sípíkà Celestion tí mo fi rọ́pò rẹ̀, jẹ́ 100. Ẹ ṣírò ó: dẹ̀síbẹ̀lì 3 yẹn náà nìyẹn! Wáàtì 60 tí wọ́n kọ sí i, ẹrù tó lè rù ni, kì í ṣe ariwo rẹ̀. Òómù ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó: òómù 8 ni mo yọ, òómù 8 ni mo fi sí i. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré, kí tiransifọ́mà yín má baà jóná.

Ohùn àárín pọ̀ lára rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù kò lè bò ó mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ta jùjú, ó máa ń ta létí, àfi kí n dín tírẹ́bù kù. Ó tún wúwo.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe kejì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ń gbé àpótí náà sí, àṣé ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ́ orin. Ohùn tínrín inú sípíkà máa ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ni. Mo gbé e lé kéréètì mínírà, mo dà á sẹ́yìn díẹ̀ kó kọjú sí etí mi. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn gan-an ni ìyá kan láàárín akọrin ní, "Bọ̀dá onígìtá, ẹ rọra o."

Háàfù kọ́rẹ́ǹtì nìkan ni kò gbóògùn. Bó bá ti dé, fáàfù á rọ wọ̀ọ̀, a ó sì ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀.