Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta òkúta òróòro màlúù ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù

Bí ẹnì kan bá yà sí ṣọ́ọ̀bù yín, tó ní òun ń wá òkúta inú òróòro màlúù rà, tí ẹlòmíì sì gbé e wá bá yín kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí pé òun ń tà á, ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀. Gbájúẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ti ṣe é fún àwọn oníṣòwò ní Òkè-Ajé, wọ́n ti ṣe é ní Sábó Ṣàgámù, a sì ti ń gbúròó wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹni àkọ́kọ́ kò jọ olè rárá. Á ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ yín, kò ní ná an (èyí nìkan ti tó kí ọmọ Ìjẹ̀bú fura), á wá sọ pé àwọn ará Ṣáínà lòun ń ra òkúta náà fún, pé ẹyọ kan tó bá ti tó ẹyin ẹyẹlé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà lòun máa san. Á fi nọ́ńbà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin kan á dé tòun ti ọ̀pá darandaran, á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ o. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan há a níka lọ́jọ́ kan, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi ké. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ló ń pe òkúta tirẹ̀ lẹ́yọ kan. Ẹ pe nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́, ó gbé e kíá: "Ẹ gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ dè mí o, mo ti kọjá Mowé, mo ń bọ̀." Ẹ sanwó tán, darandaran bá tirẹ̀ lọ, nọ́ńbà kò wọlé mọ́.

Àsìkò Iléyá ni ọjà wọn ń tà jù, nítorí owó máa ń wà nílẹ̀ nígbà náà. Obìnrin kan tí mo mọ̀, owó aṣọ tí regbẹ́regbẹ́ rẹ̀ dá fún Ojúde Ọba ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé kí ilẹ̀ tó ṣú owó náà á ti padà, èrè á sì ti gorí ẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, ó ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa rí èèyàn mú ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Odò ẹran ni mo ti ń jẹun, mo ti fọwọ́ ara mi yọ òkúta nínú òróòro màlúù rí. Kì í pọ̀, màlúù tó ti dàgbà la sì ti máa ń rí i jù. Niu huang ni wọ́n ń pè é ní Ṣáínà, ó wà nínú oògùn Angong Niuhuang tí wọ́n ń lò fún àrùn rọpárọsẹ̀, bí a bá sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó lè wọ́n ju wúrà lọ. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó la yín lójú. Ẹni tó ń ra ohun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, gíráàmù ló fi ń rà á, kì í kà á lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ra obì ní Sábó. Kí ló sì ń wá lọ́dọ̀ aláṣọ? Ọ̀dọ̀ àwa alápatà ló yẹ kó wá.

Wọ́n gbé díẹ̀ nínú ohun tí obìnrin náà rà wá fún mi, mo fọ́ ọ. Amọ̀ ni, tí wọ́n fi àtalẹ̀ pupa àti gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n fi òróró ra kó lè máa dán. Ti gidi fúyẹ́ lọ́wọ́, bí ẹ bá sì là á, ìpele lórí ìpele ni inú rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ là á, wọ́n á ní iye rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Èékánná ni wọ́n máa ń lò: wọ́n á fi omi kan òkúta, wọ́n á fi ra èékánná yín, ó di rúsúrúsú, wọ́n á ní ẹ ti rí i. Lóòótọ́, báyìí ni àwọn ará Ṣáínà ṣe ń dán an wò, ṣùgbọ́n àtalẹ̀ pupa náà ń pa èékánná láró. Ẹ fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ ra ibẹ̀. Ẹni tó bá ti fọ aṣọ tí kọ́rì ta sí rí mọ bí àbàwọ́n náà ṣe ń pọ́n bí ọṣẹ bá ti kàn án. Àtalẹ̀ inú kọ́rì ló ń fà á. Bí èékánná yín bá pọ́n bẹ́ẹ̀, àtalẹ̀ lẹ fẹ́ rà. Bí kò bá pọ́n, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di gidi o. Wọ́n lè ti pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń pò.

Wọ́n tún ń ta òkúta inú ṣàkì ewúrẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní bezoar. Òun náà wà: irun tí ẹran lá mì tàbí koríko tó ká jọ ni, tó wá le. Lóde òní, láílọ́ọ̀nù la tún ń rí jù nínú ṣàkì ẹran tó ń jẹ pàǹtí. Àwọn tó ń ta òkúta náà ní apàmájèlé ni, kí ẹ rán an mọ́ ìgbàdí tàbí kí ẹ ha á sínú ọtí mu. Charles IX, ọba ilẹ̀ Faransé, gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ rẹ̀, ní irọ́ ni. Wọ́n mú alásè kan tó jí àwo fàdákà, tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, ó gbà kí wọ́n fún òun ní májèlé àti òkúta náà pọ̀. Bí wákàtí 7 ló fi joró kó tó kú. Ẹni tó bá fura pé òun ti jẹ májèlé, ilé ìwòsàn ni kó sáré lọ.

Ayédèrú ẹ̀ náà ti pẹ́ láyé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, alágbẹ̀dẹ wúrà kan, Chandelor, ta òkúta fún Lopus ní pọ́n-ùn 100, ó ní bezoar ni. Kì í ṣe bezoar. Lopus pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní 1603 ilé ẹjọ́ dá Chandelor láre, nítorí pé ó kàn fẹnu sọ ọ́ ni, kò ṣe onídùúró fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà, kó ní kí olùtà kọ ọ́ sílẹ̀ pé gidi ni, pé òun á dá owó padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì là á níbẹ̀. Àwọn tí mò ń sọ yìí kò ní dúró gbọ́ ọ tán.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba owó yín, ẹ má fi ìtìjú jókòó sílé. Òfin jìbìtì ti ọdún 2006, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, kò fi àyè owó ìtanràn sílẹ̀. Ẹ kó ẹ̀rí owó tí ẹ san, nọ́ńbà náà àti òkúta fúnra rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má sọ òkúta náà nù, ẹ̀rí ni. Ẹni tó bá sì ti rí wọn, kó kọ ọ́ síbí, orúkọ ọjà àti ọjọ́ tí wọ́n wá, kí a lè mọ ibi tí wọ́n forí lé.