Google Books fún ẹni tó ń ṣèwádìí ojú ewé méjì nínú mágásíìnì

Tí olùkọ́ bá ti ní kí á lọ wo bí wọ́n ṣe ń to ojú ewé méjì tó kọjú síra nínú mágásíìnì, Pinterest, ìkànnì tí wọ́n ń kó àwòrán jọ sí, ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré lọ. Mo débẹ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ àwòṣe lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀: ọ̀rọ̀ inú wọn kò nítumọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fowó rà á rí.

Google Books, ibi tí Google ń kó ìwé àti mágásíìnì sí lórí ayélujára, ló ṣe mí láǹfààní. Odindi ẹ̀dà LIFE, mágásíìnì alàwòrán ti Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láti 1936 tó bẹ̀rẹ̀ títí di 1972 tí kò jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́. Ebony, mágásíìnì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí John H. Johnson dá sílẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1945 náà ò gbẹ́yìn. Bọ́tìnnì kan wà tó ń ṣí ojú ewé méjì pọ̀; òun gan-an ni mo ń wá kiri. Ẹ fi wo LIFE ti 20 September 1948, níbi tí ayàwòrán W. Eugene Smith ti ya fọ́tò dókítà ìgbèríko kan ní Colorado. Ẹ wo bí àwòrán ńlá ṣe ń ṣe ọ̀gá fún àwọn kéékèèké, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ àárín tí bébà ti ṣẹ́ po. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ojú èèyàn há síbẹ̀.

Bọ́tìnnì mìíràn ń to gbogbo ojú ewé jọ ní wínníwínní. Ẹ má fò ó o! Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé ìpolówó ló sábà ń gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ìròyìn tí olóòtú àgbà bá wá fún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìsí ìpolówó, a jẹ́ pé ó kà á sí gan-an. Kókó yìí ni mo gbé iṣẹ́ mi kà.

Kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ fi wò ó, fóònù ti kéré jù, ó sì ń jẹ dátà díẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àwòrán tó bá gba àárín kọjá lè má bára mu dáadáa.

Àṣà òde òní ni kò sí nínú LIFE àtijọ́. Fún ìyẹn, mo ra mágásíìnì Ovation lọ́wọ́ oníwèé ìròyìn, mo gbé rúlà lé àlà etí bébà àti àwọn òpó ọ̀rọ̀, mo wá fi ṣètò tèmi lórí A4 méjì, ìyẹn 420 sí 297 mìlímítà.