Irin Ìdìmú Balùwẹ̀: Èyí Tó Ń Lẹ̀ Mọ́ Táìlì Kò Ṣeé Gbára Lé

Irin ìdìmú onírọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ táìlì kò yẹ àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́. Bí rọ́bà náà bá bọ́ sórí ìlà àárín táìlì méjì, atẹ́gùn á wọ abẹ́ rẹ̀, á sì já lójijì nígbà tí wọ́n bá fara tì í. Onísíkúrúù ni kí ẹ rà, irin tí kì í dípẹtà, kí ẹ gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 84 sí 91 láti ilẹ̀. Ògiri gan-an ni wàhálà: inú búlọ́ọ̀kù wa ṣófo, síkúrúù kì í rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ẹ fọ́ ojú ibẹ̀, ẹ fi kọnkéré kún inú búlọ́ọ̀kù náà, kó gbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí ẹ tó lu ihò.