Ọkọ̀ tọ́bò àlòkù fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n: Golf GTI, Mazda 3 MPS, WRX, Fiesta ST àti Mini Cooper S

Iye agbára ẹṣin ló kọ́kọ́ máa ń wọ ọ̀pọ̀ ẹni lójú tí wọ́n bá fẹ́ ra ọkọ̀ tọ́bò àlòkù. Wọ́n á to ọkọ̀ márùn-ún síwájú, wọ́n á wá èyí tó sáré jù tí owó wọn ká, wọ́n á sì rà á. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín ló ń sáré tó fún ẹni tó bá fẹ́ràn eré, gbogbo wọn ló sì ní àrùn tí àwọn mẹkáníìkì ti mọ̀ mọ́ wọn. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé: àrùn yẹn, ṣé mo lè rí i kí n tó sanwó, àbí ìgbà tí mo bá sanwó tán ni yóò tó yọjú?

Ìwọ̀n owó ló ń jẹ́ kí n béèrè bẹ́ẹ̀. Olówó lè ra ọkọ̀ lónìí, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lóṣù tó ń bọ̀, kó sì ra òmíràn. Ẹni tó fi ọdún méjì tu owó jọ kò lè ṣe irú ẹ̀. Iyekíye tí ẹ bá ní, ẹ pín in sọ́nà márùn-ún. Ẹ fi mẹ́rin ra ọkọ̀, kí ẹ fi ọ̀kan tó kù pamọ́ fún àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́. Bí ìdá mẹ́rin yẹn kò bá ká ọkọ̀ tó wù yín, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti ju agbára yín lọ.

Kí ni tọ́bò ń ṣe?

Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ yẹn wà lórí rẹ̀ ló tún ń yí èkejì, èyí tó ń ki afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Irin náà máa ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí òìlì fẹ́lẹ́ ló sì ti ń yí. Òìlì tó ti dọ̀tí, òìlì tó ti lọ sílẹ̀, òìlì tó jóná mọ́ irin nítorí pé wọ́n ń pa ọkọ̀ lójijì lẹ́yìn eré àsápajúdé, àwọn wọ̀nyí ló ń pa tọ́bò. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ti rìn kìlómítà 180,000 tí rìsíìtì òìlì rẹ̀ pé perepere yá mi lára ju èyí tó rìn 90,000 tí ẹni tó ń tà á kò rí ìwé kan ṣoṣo fi hàn mí.

Golf GTI àti Mazda 3 MPS

Ẹni tó ní ìdílé ni méjèèjì bá lára mu. Ilẹ̀kùn márùn-ún wà, ẹrù ń wọ ẹ̀yìn wọn dáadáa, táyà iwájú ló sì ń fa wọ́n. Ìran karùn-ún Golf GTI, tó jáde ní 2004, ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tó ní agbára ẹṣin 200. Ìran kẹfà dé ní 2009 pẹ̀lú 210. Mazda 3 MPS, tí wọ́n ń pè ní Mazdaspeed3 ní Amẹ́ríkà, ní lítà 2.3 àti nǹkan bí 260.

Lórí ìwé, Mazda ti jẹ Golf mọ́lẹ̀. Lórí títì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ tẹ Mazda dáadáa ní gíà kejì tàbí ìkẹta, ẹ ó rí i pé sítíárìn fẹ́ já gbà mọ́ yín lọ́wọ́, á máa fa ọkọ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì bí ajá tó ń fa okùn. Àwọn tó ṣe é pàápàá mọ̀, wọ́n dín agbára rẹ̀ kù ní gíà kìíní àti ìkejì. Àwọn kan fẹ́ràn ìjà yẹn, mi ò bá wọn wí. Golf ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń gbọ́ràn, ẹni tó bá ń fi lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò ní sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro.

Àrùn Golf ìran karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àrùn tó wà nínú ìfiwéra yìí, nítorí pé ojú lásán rí i. Fìlà irin kékeré kan wà láàárín kámúṣáàfù (irin tó ń yí láti ṣí àwọn ìdérí kékeré tí wọ́n ń pè ní fáàfù) àti pọ́ǹpù tó ń ti pẹtiróòlù sínú ẹ́ńjìnnì. Ara ń ha ara níbẹ̀ lójoojúmọ́ ayé, fìlà náà sì ń jẹ. Bóòtù mẹ́ta péré ló di pọ́ǹpù náà mú, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á tú u láàárín ìdajì wákàtí. Ẹ gbé fìlà náà lé àtẹ́lẹwọ́ yín. Orí rẹ̀ yẹ kó dúdú mọ́ọ́. Bí dúdú yẹn bá ti ha kúrò láàárín tí irin funfun ń dán, ó ti tó pààrọ̀, owó kékeré sì ni. Bí ó bá ti lu, kámúṣáàfù ti ń jẹ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, ẹ máa lọ sílé.

Ìran kẹfà kò ní wàhálà fìlà yìí, ṣùgbọ́n ṣéènì ló ń lò dípò bẹ́líìtì láti yí kámúṣáàfù, ohun tó ń fún ṣéènì náà mú nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde sì máa ń jáwọ́. Bí ó bá jáwọ́, ṣéènì á fò, fáàfù á kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnnì parí. Ihò kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà dí wà nísàlẹ̀ ìdérí ṣéènì náà. Mẹkáníìkì lè gba ibẹ̀ wò bóyá èyí tí wọ́n tún ṣe ló wà níbẹ̀ tàbí ti àtijọ́. Ẹni tó ń tà tí kò gbà kí ẹ wo ihò yẹn ti dá yín lóhùn.

Gíà ńkọ́? Golf ní mánúà, ó sì ní DSG tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. DSG dára púpọ̀, àmọ́ òìlì rẹ̀ àti fílítà rẹ̀ ń fẹ́ pípààrọ̀ ní gbogbo kìlómítà 60,000, ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà kò sì ṣe é. Láìsí rìsíìtì iṣẹ́ yẹn, mánúà ni kí ẹ mú. Mazda kò da ẹnikẹ́ni láàmú lórí èyí: mánúà nìkan ló ní.

Etí àti ojú ni ẹ ó fi mọ àrùn Mazda. Bí wọ́n bá tan án nígbà tó tutù, tó sì dún ràkàràkà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kó tó dákẹ́, ẹ̀rọ tó ń sún kámúṣáàfù síwá sẹ́yìn ti ń jẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ṣéènì ti fà. Bí ó bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí èéfín aláwọ̀ búlúù ń rú lẹ́yìn, òìlì ti ń gba inú tọ́bò jò. Méjèèjì ló ṣeé tún ṣe, àmọ́ ẹ yọ owó wọn kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Èyí tí wọ́n bá ti fi agbára kún láìpààrọ̀ inú pọ́ǹpù pẹtiróòlù rẹ̀ ni kí ẹ sá fún. Pọ́ǹpù náà kò ní lè ti epo tó, iná inú sìlíńdà á gbóná kọjá ààlà, ọ̀pá tó di písítìnì mú á sì ṣẹ́.

WRX: èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì ń bẹ̀rù jù

Ní 1995, Colin McRae fi Subaru Impreza gba ife-ẹ̀yẹ eré ráálì àgbáyé, Subaru sì gba ti àwọn ilé iṣẹ́ ní 1995, 1996 àti 1997. Láti ìgbà náà ni WRX, irú Impreza tó ní tọ́bò, ti wọ ọkàn àwọn ènìyàn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wà á, písítìnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ìdojúkojú, ẹ́ńjìnnì náà sì rẹlẹ̀ débi pé ọkọ̀ kì í fì tí ó bá ń yà. Nínú òjò, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn yòókù tó lè tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2009 sí 2014 ní lítà 2.5 àti agbára ẹṣin 265.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àrùn rẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Lára písítìnì, etí pẹlẹbẹ tí ríìngì jókòó sí máa ń là, pàápàá bí wọ́n bá ti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe láti fi agbára kún un. Ọkọ̀ náà á tan, á sáré, kò ní rú èéfín tí ẹ lè fura sí. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí wọ́n wọn kọ́ńpíréṣọ̀n sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo bí ó ṣe ń jò. Iṣẹ́ ni, nítorí pé plọ́ọ̀gì rẹ̀ há sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì níbi tí ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ẹ san owó iṣẹ́ yẹn. Bí sìlíńdà kan bá yàtọ̀ gedegbe sí mẹ́ta tó kù, ẹ má ṣe bá a dúnàádúrà.

Ẹ tún ro ti táyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pátápátá ní jíjẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á máa ba ẹ̀rọ tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́. Ìṣó gún ọ̀kan, ó di mẹ́rin. Láti 2015 ni ẹ́ńjìnnì tuntun oní lítà 2.0 ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì àti agbára ẹṣin 268, àmọ́ ó ṣì wọ́n ju àwọn àgbà rẹ̀ lọ.

Fiesta ST àti Mini Cooper S

Kékeré ni méjèèjì, lítà 1.6 ló wà nínú wọn, ìdùnnú wọn sì ju bí wọ́n ṣe tó lọ. Fiesta ST tó jáde ní 2013 ní agbára ẹṣin 182 ní Yúróòpù, nǹkan bí 1,200 kìlógíráàmù ló sì wúwo mọ. Nínú kọ́nà tó há, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Kì í mu epo púpọ̀ bí ẹ bá rọra wà á. Ìjókòó iwájú rẹ̀ le, ó sì fún ènìyàn mú. Ẹni tó bá sanra yẹ kó jókòó sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó tó sanwó.

Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù ni kí ẹ ṣọ́. Ní 2017, Ford tó ṣe é pe àwọn kan lára ọkọ̀ náà padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé omi náà lè lọ sílẹ̀ láìsí ìkìlọ̀, kí orí ẹ́ńjìnnì gbóná kó sì là. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ náà wò ó bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo ike omi rẹ̀ nígbà tó tutù, ẹ wo bóyá ibi tí omi ti gbẹ hàn gẹ́gẹ́ bí ìlà funfun lára ẹ́ńjìnnì. Bẹ́líìtì ló ń lò, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Mini ẹlẹ́ńjìnnì tọ́bò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2007, BMW àti Peugeot-Citroën ló jọ ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Ó lẹ́wà, ó sì ń yà kọ́nà bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ tì í. Ṣùgbọ́n èyí tó wà títí di 2010, tí orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ N14, ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ sí gbèsè: ṣéènì tó ń dún, pọ́ǹpù epo tó ń kú, òìlì tó ń dín láìjò sílẹ̀. N18 tó rọ́pò rẹ̀ sàn jù. Bí Mini bá wù yín dandan, N18 ni, kí ẹ sì fa ọ̀pá òìlì rẹ̀ yọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá.

Gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ, yàtọ̀ sí WRX lítà 2.5, ni wọ́n ń fọ́n pẹtiróòlù tààrà sínú sìlíńdà, kò sì sí ohun tó ń fọ fáàfù wọn, nítorí náà èéfín dúdú á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tó tutù, ó lè jẹ́ pé fífọ̀ nìkan ló ń fẹ́.

Wọ́n á sọ fún yín pé BMW 335i, oní tọ́bò méjì àti agbára ẹṣin 306, ti di iye kan náà. Òótọ́ ni. Owó ọkọ̀ ń já wálẹ̀, owó pààtì rẹ̀ kì í já. Ẹ fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wò ó

Ẹ bẹ ẹni tó ni ọkọ̀ kó má tan án kí ẹ tó dé. Mo lọ wo ọkọ̀ kan nígbà kan, mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná. Ọkùnrin náà ní òun kàn sún un kúrò lójú ọ̀nà ni. Mo jókòó, mo ní n óò dúró kó tutù. Lẹ́yìn wákàtí méjì, mo tan án, èéfín búlúù bo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí géètì mọ́. Kò bá mi jiyàn.

Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àbùkù tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀ dání. Bí kò bá sí kóòdù kankan, ẹ tún wò ó bóyá àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àwọn kóòdù náà ni. Ẹ wo orí bóòtù àti àwọn ohun tó di páìpù afẹ́fẹ́ mú: níbi tí ojú wọn bá ti ha, tí páìpù náà sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ẹnìkan ti fi ohun mìíràn síbẹ̀ rí, ó sì ti yọ ọ́ kó lè tà á.

Bí ó bá jẹ́ owó tèmi, tí mo dá wà, Fiesta ST ni. Bí ọmọ bá ń jókòó lẹ́yìn, Golf ìran karùn-ún tó ní gíà mánúà, tí mo ti gbé fìlà rẹ̀ lé ọwọ́ wò. Mazda bí ẹni tó ni ín bá jẹ́ àgbàlagbà tó kó rìsíìtì jọ, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan. WRX nìkan ni mi ò ní fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rà. Mẹ́ta ni n óò fi rà á, kí n fi méjì pamọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti rí nọ́ńbà sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìwé.