Ṣọ́ọ̀bù Rẹ́wáyà Tó Bá Mi Wá Ìdí Wáyà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Mọ̀

Láàrin Ọláìyá àti Ògo-Olúwa ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ́wáyà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, lábẹ́ páànù kékeré kan tí kò lè gbà ju ọkọ̀ méjì lọ. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni wáyà pupa kan tó ní ìlà funfun, tó já sílẹ̀ lábẹ́ sítíárì Corolla tòkúnbọ̀ mi. Bátìrì ọkọ̀ náà máa ń kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tí mo bá ti gbé ọkọ̀ kalẹ̀ láti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Rẹ́wáyà tí mo kọ́kọ́ lọ bá níbòmíràn fi táìpù dúdú wé ẹnu wáyà náà, ó ní wáyà lásán ni, ó sì ní kí n lọ ra bátìrì tuntun. Mo rà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òun náà fi kú.

Ọ̀gá ti ṣọ́ọ̀bù yìí kò fọwọ́ kan wáyà náà títí ó fi wọn iná inú ọkọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má tíì náwó kankan sí i. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ iná yín." Mítà rẹ̀ ka 12.1 volt lórí bátìrì, bẹ́ẹ̀ bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń tó 12.6. Ó tú wáyà négétíìfù, ó fi mítà sáàárín wáyà náà àti orí bátìrì, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó sì ní ká dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lè sùn. Ìdúró yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ẹni tó bá kánjú wo mítà yóò rí iye tó ga, yóò sì máa lé ohun tí kì í ṣe àrùn kiri. Nígbà tí àkókò pé, mítà ń ka 0.35 ampere, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju 0.05 lọ. Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀: láti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì di òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tó bíi wákàtí 60, 0.35 ampere lọ́nà wákàtí 60 sì jẹ́ 21 ampere-wákàtí, bẹ́ẹ̀ iná tí bátìrì mi lè gbà kò ju 45 lọ. Bí ìdajì iná rẹ̀ ló ń ṣòfò kí Ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ojú ọ̀nà tí iná ń gbà ṣòfò, ọ̀gá ń wo mítà, ṣùgbọ́n iye náà kò lọ sílẹ̀ rárá. Níbẹ̀ ló ti sọ pé ẹnì kan ti fa wáyà láti orí bátìrì tààrà, láì gba inú àpótí fíúsì kọjá. Ó fi tẹ́sítà kan ẹnu wáyà pupa náà, gílóòbù tàn, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í bóyá àwọ̀ rẹ̀ lè sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní wáyà tí ilé iṣẹ́ ṣe nìkan ni a lè fi wé àwòrán wáyà ọkọ̀, pé táìpù tó wà lára èyí fi hàn pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló fà á, àwọ̀ tó bá sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni onítọ̀hún lò.

Ó lé ní wákàtí méjì tó fi dùbúlẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń tú táìpù díẹ̀díẹ̀, tó ń fi ìka tẹ̀ lé wáyà náà. Apá kan gba inú rọ́bà tó wà lára páànù ẹ́ńjìnnì lọ sí orí bátìrì. Apá kejì wọ inú àpótí áláàmù kan tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi pamọ́, tí ríléè rẹ̀, ìyẹn súwíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa, ṣì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Àyà mi já nígbà tó ṣàlàyé pé, nígbà tí kò ti sí fíúsì lójú ọ̀nà, bí ẹnu wáyà náà bá fara kan irin, ó lè gbóná títí iná yóò fi ràn mọ́ ọkọ̀. Síbẹ̀ kò kàn gé e dànù. Áláàmù náà ti gé wáyà tí ń gbé iná lọ sí sítátà sí méjì, ọkọ̀ sì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí a bá yọ àpótí náà láì so wọ́n pọ̀ padà. Ó fi òjé jó wọn pọ̀, ó yọ gbogbo wáyà àjèjì náà kúrò, ó sì kó o lé mi lọ́wọ́. Mítà padà sí 0.02.

₦12,000 ni mo san, n kò sì rò pé ó wọ́n fún iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé wọn kò fún mi ní rìsíìtì, pé kò sí ìjókòó fún oníbàárà, àti pé táìpù lásán ló fi wé ibi tó jó pọ̀, èyí tí mo bẹ̀rù pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè yọ́ nínú oòrùn. Mo sọ èyí fún un, ó sì ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù kan kí òun yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní irú ìṣòro yìí lè lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó lọ láàárọ̀, nítorí wọn kì í kánjú.