Wọ́n so iná òpó mọ́ campervan mi, àmọ́ bọ́tìnnì test ò sọ gbogbo òótọ́

Ilẹ̀kùn campervan mi, ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná nínú, ló mú kí n kọ èyí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ṣì tutù, mi ò wọ bàtà, mo ti fi wáyà so ọkọ̀ mọ́ òpó iná níbi tí mo páàkì sí, mo ní kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ báyìí, ni nǹkan bá ta mí lọ́wọ́ jìnnìjìnnì dé ìgúnpá. Mo yọwọ́ kíá. Mo rọra fi ẹ̀yìn ìka kàn án, ó tún ta mí. Kì í ṣe irú èyí tó ń gbé èèyàn ṣubú o, àmọ́ ara ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ ta èèyàn rárá, bó ti wù kó kéré mọ. Mo ṣe bí ìdí tí mo fi gbé e fún àwọn tó mọṣẹ́ nìyẹn, tí mo sanwó gidi, kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀!

Hook-up ni wọ́n ṣe fún mi, ìyẹn ètò tó ń gba iná òpó wọ inú ọkọ̀. Ihò iná lára ọkọ̀, àpótí RCD (ẹ̀rọ ààbò tó ń já iná tó bá rí i pé iná ń jò) àti bírékà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ṣájà fún bátìrì inú ọkọ̀, wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni.

Ọkùnrin tó gba iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé ọkọ̀ lọ, mo gbóríyìn fún un. Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ máa fi iná náà ṣe, mo ní kẹ́tù, hítà kékeré àti lápútọ́ọ̀pù. Ó ní ẹ wò ó, kẹ́tù 2000 watt ń fa bí ampere 8.7 lórí iná 230 volt, ìdí ihò yín lè gba ampere 16 lóòótọ́, àmọ́ òpó iná tẹ́ ẹ máa bá níbi tẹ́ ẹ bá páàkì sí lè má ju 6 tàbí 10 lọ, tẹ́ ẹ bá wá tan kẹ́tù pọ̀ mọ́ hítà, bírékà ìdí òpó á já, ẹ ó sì máa wá ẹni tó máa bá yín gbé e padà lóru. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà ló sọ fún mi pé ìdí ọkọ̀ ni kí n kọ́kọ́ ki wáyà bọ̀ kí n tó lọ kì í bọ òpó, tí mo bá fẹ́ yọ ọ́, kí n ti ìdí òpó bẹ̀rẹ̀, àti pé kí n tú wáyà 25 mítà yẹn sílẹ̀ tán, kí n má ṣe ká a jọ tí hítà bá ń fa iná, torí ó máa ń gbóná débi pé rọ́bà ẹ̀ lè yọ́.

Iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n fi ṣe é, mo sì dúró tì í. Ọmọ yẹn lọ́wọ́. Nígbà tó gé ihò lára ọkọ̀ tán, ó fi fáìlì gbo etí ẹ̀, ó kun ún lọ́dà kí ìpẹtà má baà mú un, ó dúró kó gbẹ kó tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí mọ́ ọn. Gbogbo ibi tí wáyà ti gba inú irin kọjá ló fi rọ́bà sí. Wáyà tó ń tẹ̀ dáadáa, oní-fọ́nrán púpọ̀, ló lò, kì í ṣe olókùn kan tó lè kán tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lójú ọ̀nà. Ibi tó ti fẹ́ so earth, wáyà ààbò tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, mọ́ ṣáásì, férémù irin ọkọ̀, ó ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò títí irin fi ń dán. Ibi tó le, tí àwọn míì máa ń fò, ló ti ṣe dáadáa jù, ohun tó wá ń dùn mí lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Ó parí, ó tan án, ó tẹ bọ́tìnnì test lára RCD, ó já, pọ́! Ó yíjú sí mi, "Ẹ wò ó, ọ̀gá, pé pé pé ni." Ó buwọ́ lu ríṣíìtì, mo kó kọ́kọ́rọ́ mi, ó tán.

Mo pè wọ́n láti ibi tí ọkọ̀ ti ta mí yẹn. Obìnrin tó gbé fóònù ní static ni, iná tó máa ń ta èèyàn fìrí kan tí nǹkan bá ra ara wọn, pé ó máa ń ṣe ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní static kì í ta èèyàn léraléra níbi kan náà lórí ilẹ̀ tó tutù. Ó ní kí n gbìyànjú kí n wọ bàtà. Kí n wọ bàtà! Inú bí mi débi pé mi ò lè fèsì, mo kàn pa fóònù. Àwọn ọmọ mi máa ń sáré wọ ọkọ̀ yẹn, wọ́n á tún sáré jáde, wọn kì í wọ bàtà, ilẹ̀kùn yẹn náà ni wọ́n máa ń dì mú.

Mo ní tẹ́sítà kékeré oníná mẹ́ta yẹn, èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ mi, ó ní earth ò sí. Mo bẹ ẹni tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òpó kan náà la jọ ń lò, mo kì í bọ tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti òpó nìyẹn, inú ọkọ̀ mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Bọ́tìnnì test yẹn, inú RCD ni iṣẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iná díẹ̀ á gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láti live (wáyà tó ń gbé iná wá) bọ́ sí neutral (èyí tó ń gbé e padà), RCD á rí i pé iná tó jáde lọ àti èyí tó padà wá ò dọ́gba mọ́, á sì já. Wáyà earth ò bá wọn dá sí i rárá. Ẹ lè gé earth kúrò pátápátá, bọ́tìnnì test á ṣì máa já bó ṣe yẹ. Ohun tó sì ń ta mí lọ́wọ́, ṣájà bátìrì ni. Ó ní àwọn kápásítọ̀ kéékèèké nínú tó máa ń da ìwọ̀nba iná sí earth, kò tó milliamp kan, RCD tó jẹ́ pé milliamp 30 ló ń ṣọ́ ò lè mọ̀ sí i. Tí earth bá wà, iná yẹn á lọ jẹ́ẹ́ láìsí ẹni tó máa mọ̀. Earth ò sí, ó wá jókòó sára ọkọ̀, ó ń dúró de ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan ilẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló bà mí lẹ́rù o. Ká ní live kan bó nínú ọkọ̀ tó lọ kan irin, earth ló yẹ kó gbé iná yẹn lọ kí RCD já lójú ẹsẹ̀, kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Láìsí earth, gbogbo ara ọkọ̀ á gbé 230 volt dání, RCD ò ní já, àfi ìgbà tẹ́nì kan bá fara ẹ̀ di wáyà.

Mo gbé ọkọ̀ padà lọ bá wọn, ìjà ni mo bá lọ. Àmọ́ kí n tó la ẹnu dáadáa, obìnrin àgbà kan jáde láti ẹ̀yìn, Mọ́mì ni gbogbo wọn ń pè é, òun ni ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ iná níbẹ̀. Mo ní ọkọ̀ tẹ́ ẹ ṣe ta mí. Kò ní static ni, kò béèrè bàtà. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ṣé ẹnì kankan ò fara pa? Ẹ má kì í bọ iná mọ́ o, ẹ jẹ́ ká wò ó." Ọkàn mi rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Ó tú ìdérí ihò iná, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi. Wáyà earth, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, wọn ò bó rọ́bà ara ẹ̀ tó. Wọ́n kì í bọ ihò ẹ̀, skúrù wá tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ dípò kọ́pà. Ojú àpá skúrù wà lára rọ́bà yẹn gbangba. Tẹ́ ẹ bá fà á, kò yọ, ó le dan-in, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó ṣe é fi gbà pé ó ti dé.

Ó pe ọmọ náà. Kò pariwo mọ́ ọn. "Kí lo fi yẹ̀ ẹ́ wò?" "Mo tẹ test, mà." "Test bá ẹ wo earth?" Ọmọ náà dákẹ́. Ó ní kó tún un ṣe níṣojú mi, kó bó o, kó fi òrùka irin dé orí kọ́pà, kó dè é, kó fà á. Lẹ́yìn náà ó gbé mítà fún un, ó ní kó wọ̀n ọ́n láti ojú earth níbi ihò iná dé sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, dé ṣáásì, dé irin ìdáná. 0.2 ohm níbi gbogbo, ó kéré gan-an, earth ti so pọ̀ dáadáa nìyẹn. Ó tún gbé ẹ̀rọ mìíràn jáde tó ń wọn bí RCD ṣe ń yára já sí, tiwa já ní milliseconds 28, 300 sì ni òdiwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, ó fún mi. Wọn ò gba owó kankan, kódà wọ́n wẹ ọkọ̀ fún mi, èyí tí mi ò béèrè.

Ṣájà tí wọ́n fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní fáànù tó ń hó lóru, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Wáyà tí wọ́n fún mi dáa gan-an, 2.5 mm², oní-rọ́bà tó rọ̀ kódà nígbà òtútù. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ọkọ̀ lọ bá wọn, ẹ ní Mọ́mì lẹ fẹ́ kó wò ó kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ gba nọ́ńbà earth àti ti RCD lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Máàkì: 4 nínú 5. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kọ èsì ìwọ̀n yẹn sára ríṣíìtì gbogbo kọ́sítọ́mà, kì í ṣe ẹni tó bá bínú padà wá nìkan. Mọ́mì ní òun á bá ọ̀gá sọ ọ́, wọn ò tíì dá mi lóhùn.